Obìnrin Tó Ń Tẹ Iná Pupa

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í gbà pé òjò ń rọ̀ àfi bí èèyàn méjì bá wọlé tí aṣọ àwọn méjèèjì tutù. Mi ò parọ́ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kan mo sáré wọlé, omi ń kán láti orí mi sílẹ̀, mo ní kó jọ̀ọ́ kó bá mi ká aṣọ tó wà lórí okùn. Ó gbójú sókè láti inú ìwé tó ń kà, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó sì bi mí bóyá kì í ṣe pé ẹnì kan da omi sí mi lára láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìgbà tí aládùúgbò wa kan ilẹ̀kùn, tí òun náà tutù, ló tó dìde. Aṣọ ti rin gbindingbindin nígbà náà.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìí-Méjì níbi iṣẹ́. Orúkọ náà bá a mu débi pé èmi àbúrò rẹ̀ náà máa ń fi pè é lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí inú bá ń bí mi, inú sì máa ń bí mi dáadáa.

Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan náà la ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń kun àwọn èèyàn lójú kí wọ́n tó jókòó síwájú kámẹ́rà, kí iná má bàa sọ imú wọn di díńgí. Òun ló ń yẹ ìbéèrè wò fún ètò ìdíje kan tí tọmọdé tàgbà ń wò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi tọ́jú ìwé ní ilé ìkàwé kan tẹ́lẹ̀. Ọdún tó fẹ̀yìntì ni ọkọ rẹ̀ kú, wọn kò sì bímọ, ló bá kó wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú àpótí aṣọ kan àti páálí ìwé mẹ́tàdínlógún. Fún oṣù mẹ́jọ, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ń jókòó sí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí mo bá bi í bóyá ó ti jẹun, kì í lè rántí. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tó máa yẹ ìbéèrè wò, èmi ni mo fà á lọ́wọ́ lọ. Mo rò pé yóò fi ṣeré fún ìgbà díẹ̀ ni. Ó di ọdún kọkànlá.

Yàrá rẹ̀ wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán lẹ́sẹ̀ sí. Ìwé ló bo ògiri mẹ́ta, ara ògiri kẹrin ni ilẹ̀kùn wà. Lórí tábìlì rẹ̀, atẹ́ méjì ló wà. Àwọn tó ń kọ ìbéèrè máa ń da káàdì wọn sínú tọwọ́ òsì. Èyí tó bá yege ló ń lọ sínú tọwọ́ ọ̀tún. Káàdì kankan kò sì lè ti òsì dé ọ̀tún láìjẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi rí ìdáhùn rẹ̀ nínú ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bó bá rí i nínú ẹyọ kan ṣoṣo, á dá káàdì náà padà, ì báà jẹ́ olóòtú ètò fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Bí wọ́n bá wá bẹ̀ ẹ́, ohun kan náà ló máa ń sọ: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bó bá sì rí ẹlẹ́rìí méjèèjì, á kọ orúkọ ìwé méjèèjì sẹ́yìn káàdì, á wá fọwọ́ sí i, ìfọwọ́sí gbọọrọ kan tó nírù bíi ti ológbò.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gba ètò sílẹ̀, ẹ̀yìn pátákó búlúù kan ló máa ń wà, òun àti àwọn káàdì ọjọ́ náà àti bọ́tìnnì méjì. Ọ̀kan ń tan iná aláwọ̀ ewé lórí tábìlì atọ́kùn, èkejì ń tan iná pupa. Ẹ̀yin tó ń wò nílé rò pé atọ́kùn ló mọ̀ bóyá olùdíje gbà á tàbí kò gbà á. Rárá o. Káàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní ìdáhùn kankan lára, iná ló ń wò. Bí pupa bá tàn, á fajú ro bí ẹni tí nǹkan náà dùn dọ́kàn. Bí àwọ̀ ewé bá tàn, á fò sókè. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń tẹ̀ ẹ́, ohun tó bá sì tẹ̀ ni abẹ gé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lójú títì.

Atọ́kùn wa, èèyàn dáadáa ni. Èmi ni mo ń fi àtíkè pa orí rẹ̀ tó pá, nítorí náà mo mọ̀ ọ́n látòkè wá. Gbogbo ayé gbà pé kò sí ohun tí kò mọ̀. Wọ́n á dá a dúró lọ́nà, wọ́n á ní kó bá àwọn parí àríyànjiyàn lórí odò tó gùn jù lọ, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní kí wọ́n lọ kàwé. Kò mọ̀ ọ́n ni. Nínú yàrá mi, ó lè máa wá awò ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó sọ fún un pé ó wà lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tí ẹ̀rù ń bà sọ̀rọ̀ tí ara rẹ̀ á fi balẹ̀, ìyẹn náà sì jẹ́ ìmọ̀.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, fún ọ̀sẹ̀ kan, àwọn gbajúmọ̀ ló máa ń wá dáhùn ìbéèrè dípò àwọn èèyàn bíi tiwa: agbábọ́ọ̀lù, olórin, akàròyìn, òṣèré. Wọn kì í gba ẹ̀bùn fún ara wọn. Kálukú á sọ ibi tó fẹ́ kí ẹ̀bùn náà lọ bóun bá borí. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ mi máa ń pọ̀ jù, nítorí ojora máa ń mú wọn, òógùn á sì fọ àtíkè mi dànù. Ẹni tí wọn ò mọ̀, bó bá ṣi ìdáhùn, àwọn ará ilé rẹ̀ nìkan ló máa rẹ́rìn-ín. Gbajúmọ̀ mọ̀ pé bí òun bá ṣi ìbéèrè ọmọdé, ó di ohun tí wọ́n á máa fi pe òun títí láé. Mo ti rí agbábọ́ọ̀lù tó ga bí òpó iná, tó ń ka tábìlì ìsọdipúpọ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi bí ẹni ń gbàdúrà.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òṣèré àgbà kan wà lára wọn, obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ogún ọdún ló fi ṣe ìyá ọkọ oníjàngbọ̀n nínú eré apanilẹ́rìn-ín kan, Ìyá Aláriwo ni gbogbo èèyàn sì ń pè é. Ẹni tó wá jókòó sórí àga mi kò ní ariwo kankan. Ó kí mi pẹ̀lẹ́, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ tútù. Bọ́ọ̀sì kan ni ẹ̀bùn ọdún yẹn, irú èyí tí wọ́n lè ti kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara wọ̀. Ó ní iléèwé àwọn ọmọ tí kò lè fẹsẹ̀ rìn lòun fẹ́ kó lọ, pé ẹ̀yìn làwọn ìyá wọn ṣì ń pọ̀n wọ́n wá síléèwé, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Mo bi í bóyá ẹ̀rù ń bà á.

"Ó ń bà mí, ọmọ mi," ló wí. "Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Bí mo bá ṣì í, wọ́n á ní ṣebí Ìyá Aláriwo náà ni, kí ló mọ̀."

Ó ṣe dáadáa ju bó ṣe rò lọ. Ó dáhùn mẹ́sàn-án, iná aláwọ̀ ewé tàn lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, àwọn òǹwòran tó kún gbọ̀ngàn sì ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé ìyá wọn ni. Ìkẹwàá ló kù, bó bá gbà á, bọ́ọ̀sì di tirẹ̀. Atọ́kùn mú káàdì, ó kà á: ojú mélòó ni kòkòrò oyin ní?

Ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà ni mo dúró sí. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí ará ilé rẹ̀ láàárín àjèjì.

"Márùn-ún," ló wí.

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé Ìyá Aláriwo ti bẹ̀rẹ̀ eré rẹ̀. Atọ́kùn náà rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fi àwàdà sílẹ̀ kó fún òun ní ìdáhùn tó gbà gbọ́. Ó tún ní márùn-ún ni. Atọ́kùn bojú wo tábìlì rẹ̀. Lẹ́yìn pátákó, ẹ̀gbọ́n mi wo káàdì: méjì ló wà níbẹ̀, ìwé méjì jẹ́rìí sí i, ìfọwọ́sí òun fúnra rẹ̀ ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó tẹ pupa.

Òṣèré náà la ẹnu, mo gbọ́ tó ní "Bàbá mi," ṣùgbọ́n orin ìparí ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín kò sì tíì tán nínú gbọ̀ngàn.

Nígbà tí mò ń nu àtíkè kúrò lójú rẹ̀, kò sunkún, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó sọ fún mi pé bàbá òun ń sin oyin. Nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún méje, bàbá náà gbé òkú oyin kan sí àtẹ́lẹwọ́ òun, ó fi ẹnu abẹ́rẹ́ tọ́ka sí ojú ńlá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ó sì tún tọ́ka sí kékeré mẹ́ta lókè orí, tí wọn kò ju ẹyọ iyẹ̀pẹ̀ lọ. Bàbá náà kò mọ̀wé rárá. Oyin nìkan ló mọ̀.

"Ti bọ́ọ̀sì yẹn dùn mí," ló wí, "àmọ́ bàbá mi ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín."

Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi nílé níbi tá a ti ń mu tíì. Kò gbójú sókè. Ó ní ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni bàbá òṣèré, ó sì ti kú. Mo ní ẹni tó gbé oyin sọ́wọ́ ka ojú rẹ̀ ju igba ìwé lọ. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Bó bá ti ní kí n fi òun sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn.

Kí n tó jí lọ́jọ́ kejì, ó ti lọ síbi iṣẹ́. Mo bá a nínú yàrá rẹ̀, ó ṣí ìwé méjèèjì tó jẹ́rìí sí káàdì náà kalẹ̀ níwájú ara wọn. Ọ̀kan jẹ́ ìwé pupa ńlá tó ń sọ nípa ẹranko àti kòkòrò, èkejì jẹ́ ìwé kékeré tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò. Ó fi ìka tọ́ka sí àwòrán oyin tó wà nínú ìwé ńlá, ó tún tọ́ka sí èyí tó wà nínú ìwé kékeré. Mo ní mo rí wọn, oyin ni. Ó ní kí n ka ẹsẹ̀ wọn.

Mo kà á. Ẹsẹ̀ márùn-ún ni ti àkọ́kọ́ ní. Ẹsẹ̀ márùn-ún náà ni ìkejì ní. Kò sí ọmọ iléèwé tí kò mọ̀ pé mẹ́fà ni ẹsẹ̀ kòkòrò. Ẹni tó kọ́kọ́ yà á ló gbàgbé ẹsẹ̀ kan, ẹni kejì sì dà á kọ tòun ti àṣìṣe rẹ̀. Nígbà tí a wá ka ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ àwòrán, ọ̀kan náà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ̀gbọ́n mi kì í wo àwòrán. Ọ̀rọ̀ ló ń kà láyé rẹ̀, ó ní tọmọdé ni àwòrán. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń pe àwọn ìwé yìí ní ẹlẹ́rìí méjì.

"Ìyá àtọmọ ni mo ń kó wá sílé ẹjọ́," ló wí. "Ohun tí ìyá bá sọ lọmọ ń tún sọ."

Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fẹ̀gún sọ́wọ́. Mo rò pé yóò sọkún, mo ti ń wá áńkáṣíìfù nínú àpò mi, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe ni pé ó ní kí n bá òun lọ sí iléèwé girama tó wà ní òpópónà kejì. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ibẹ̀ ti máa ń wá kàwé lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà kan rí. Ọkùnrin náà ṣa òkú oyin kan lójú fèrèsé, ó gbé e sábẹ́ awò tí wọ́n fi ń wo ohun tí ojú lásán kò lè rí. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbẹ̀. Ó pẹ́ débi pé olùkọ́ lọ gbé àga wá fún un. Nígbà tó ṣe, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí èmi náà wá wò ó. Ńlá méjì. Lókè orí, láàárín irun, kéékèèké mẹ́ta tó ń dán.

Ìdààmú tòótọ́ wá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Nínú ètò náà, iná tó bá ti tàn, kò sẹ́ni tó lè pa á dà àfi ẹni tó tẹ̀ ẹ́, nípa pé kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìfọwọ́sí òun kò tọ́. Ẹni tí ìfọwọ́sí rẹ̀ bá sì bàjẹ́ gbọ́dọ̀ fi ibi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe òfin yìí lọ́dún kejì tó débẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gbé ètò náà jáde, bí wọ́n bá sì ti gbé e jáde, ó parí.

Mo fẹ́ kó dákẹ́. Mi ò ní fi bò. Mo rántí obìnrin tó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ̀rù sì bà mí pé ibẹ̀ náà ló máa padà sí. Mo sọ fún un pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, kó ju ìwé pupa yẹn nù, kó má lò ó mọ́, kó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Atọ́kùn náà wá sílé lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó fi sùúrù sọ̀rọ̀. Ó ní ṣe làwọn èèyàn túbọ̀ máa fẹ́ràn Ìyá Aláriwo, pé ẹ̀rín kì í pààyàn, pé ta ló tiẹ̀ ń ka ojú oyin. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó gbé e wá gan-an: ó ní bí ẹ̀gbọ́n mi bá lọ, iná ta lòun máa máa wò.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ dópin, ó tún tíì rẹ̀ bù fún un.

"Wọ́n fi bàbá ẹni ẹlẹ́ni rẹ́rìn-ín nítorí ìfọwọ́sí mi," ló wí. "Kí ni mo fẹ́ máa fi ọwọ́ yẹn kọ lẹ́yìn èyí?"

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló kọ ọ́, ìdajì ojú ìwé péré. Lọ́jọ́ Ajé ó fún olóòtú. Olóòtú kà á, ó họ orí, ó lọ bá àwọn ọ̀gá lókè. Ká ní ẹlòmíràn ni ọ̀rọ̀ náà kàn, mi ò mọ ohun tí wọn ì bá ṣe, ṣùgbọ́n èèyàn ńlá ni Ìyá Aláriwo, wọn kò fẹ́ kó gbọ́ ọ láti ibòmíràn. Wọ́n ránṣẹ́ pè é fún ọjọ́rú, wọ́n sì tún kó òǹwòran wá. Olóòtú fẹ́ kí atọ́kùn sọ̀rọ̀ náà nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá wà lẹ́yìn pátákó rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀. Ó ní ojú lọ̀rọ̀ wà.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kun ẹ̀gbọ́n mi lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Ó ń yí ojú síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fá lórí, ó ní búrọ́ọ̀ṣì mi ń rin òun. Nígbà tí wọ́n pè é, ó jáde wọnú iná, ó dúró níwájú òṣèré náà, kò sì wo kámẹ́rà kankan.

"Èmi ni mo tẹ iná pupa lọ́jọ́ yẹn, màmá," ló wí. "Mo ṣìnà. Ojú márùn-ún ni oyin ní. Òótọ́ ni bàbá yín sọ."

Òṣèré náà kò wo bọ́ọ̀sì tí wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Ó mi orí lẹ́ẹ̀mẹta, ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀. Atọ́kùn ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé, iṣẹ́ tí mo ṣe sí i lójú sì bàjẹ́ pátápátá.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Nígbà tí wọ́n gbé ètò náà jáde, àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Lẹ́tà ń wọlé lójoojúmọ́, wọ́n ní ètò tó lè jẹ́wọ́ báyìí lètò tó ṣeé gbà gbọ́. Ọ̀gá pátápátá pe ẹ̀gbọ́n mi, ó ní òfin ni òfin lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn yóò yọ́nú fún ìgbà yìí, kó padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí mò ń lọ sílé, ohùn mi kò sì dára.

Èmi nìkan ló dùn mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń tú àwọn páálí tí wọ́n kó káàdì ọdún mọ́kànlá sí. Ó ń yí káàdì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣa àwọn tí ìwé pupa àti ìwé kékeré yẹn jẹ́ ẹlẹ́rìí wọn sọ́tọ̀. Méjìlélógójì ni. Ó tún gbogbo wọn wò nínú ìwé tó péye, ó sì lọ bá olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lẹ́ẹ̀mejì. Yàtọ̀ sí ti oyin, mẹ́sàn-án nínú wọn ni ìdáhùn wọn kò tọ́, tí olùdíje sì sọ òótọ́ tó fi gba pupa: awakọ̀ kan, nọ́ọ̀sì kan, káfíńtà kan, àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀.

Ó kó orúkọ mẹ́sàn-án náà lọ bá olóòtú. Olóòtú kà wọ́n, ó ní òun kò mọ ìkankan nínú wọn. Ó ní ọ̀rọ̀ ti pẹ́, pé ìjẹ́wọ́ kan dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹ́wọ́ mẹ́sàn-án, àwọn èèyàn á rò pé àṣìṣe la fi ń ṣe oúnjẹ jẹ. Ó ní kó ti orúkọ wọn bọnú dúrọ́ọ̀, kó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

"Ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ lẹ bẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Àwọn tẹ́ ò mọ̀ ńkọ́?"

Olóòtú bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé orí tábìlì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀. Inú bí mi gidi. Wọ́n ti dá a padà síbi iṣẹ́, ó tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ẹrù jáde nítorí èèyàn mẹ́sàn-án tí mi ò lè dá mọ̀ bí mo bá pàdé wọn. Mo rò pé fèrèsé ló kàn. Ọjọ́ kẹrin ni atọ́kùn kan ilẹ̀kùn wa, ó mú ápòòwé kan dání. Ó ti lọ wá àdírẹ́sì àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán nínú fáìlì láìjẹ́ kí olóòtú mọ̀. Ó gbé e sórí tábìlì, ó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ o, ó sì lọ.

Tábìlì ìjẹun wa ló ti ń kọ lẹ́tà báyìí. Kò fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ ló fi ń kọ ọ́. Á sọ ìbéèrè tí wọ́n bi ẹni náà, á sọ ohun tó fi dáhùn, á sọ pé ó gbà á, á sì sọ pé òun tí òun fọwọ́ sí ìwé yìí ló sọ pé kò gbà á. Lẹ́tà kan máa ń gbà á lọ́jọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nítorí bí ọ̀rọ̀ kan bá ti wọ́, á fà á ya, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó ti kọ márùn-ún kí èsì àkọ́kọ́ tó dé.

Káfíńtà ló kọ ọ́. Mo rántí rẹ̀ nígbà tí mo rí orúkọ rẹ̀, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé mo nu ojú rẹ̀. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni. Wọ́n bi í bóyá ìgbín ní eyín. Ó ní ó ní i, pé òun rí ohun tó ń ṣe sí ewé nínú ọgbà òun. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín nígbà tí pupa tàn. Ìgbín sì léyín lóòótọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ẹ̀yìn bébà tó fi ṣírò gígùn pákó ló kọ èsì rẹ̀ sí.

"Ìyá, mo rí lẹ́tà yín gbà, mo dúpẹ́. Èmi mọ̀ pé mo gbà á. Ìyàwó mi ló máa ń fi ṣe mí yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ọmọ, mo sì máa ń sọ fún un pé lọ́jọ́ kan ẹnì kan á wá sọ fún un. Ó kú lọ́dún tó kọjá. Mo ti ka lẹ́tà yín sókè nínú yàrá rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé bébà náà lé mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo kà á tán, omi ti gba ojú mi, mi ò sì rántí mọ́ pé mo ń bínú. Ó gba bébà náà lọ́wọ́ mi, ó fi há àárín ìwé kan. Lẹ́yìn náà ló fa bébà mìíràn jáde, ó sì ṣí ìdérí bíírò rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi fún ti òní, ilẹ̀ á tún mọ́ lọ́la.

Ó ní ó ku mẹ́rin, ó sì lè jẹ́ pé ìyàwó àwọn yẹn ṣì wà láyé.